Iye Tí Mo Pè fún Kọ́nà Àpáta

Gbádégeṣin so bàtà mi mọ́ òṣùwọ̀n onísípíríǹgì, ó ń wọ́ ọ jẹ́jẹ́ lórí títì ọlọ́dà tó wà níwájú kíláàsì wa, gbogbo JS2 sì ń tẹ̀ lé e bí ẹni ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ. Òkúta kún inú bàtà náà. Eruku ọyẹ́ bo títì, a ò sì gbá a, nítorí kò sẹ́ni tó máa bá wa gbá Kọ́nà Àpáta fún ìje lọ́la.

“Kí lo rí?” ni mo bi í.

“Méje, Àǹtí.”

“Nígbà tí a gbé bàtà yẹn kọ́ tòun ti òkúta inú rẹ̀ ńkọ́?”

“Mẹ́wàá.”

“Ó dáa. Ilẹ̀ eléruku yìí ń fi agbára méje di ohun tó wúwo tó mẹ́wàá mú. Ẹ má gbàgbé méje yẹn o. Òun ló máa gbé Mọ́rẹ̀nikẹ́ yí kọ́nà.”

Mọ́rẹ̀nikẹ́ jókòó sórí táyà àlòkù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń jẹ èékánná. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Nínú gbogbo ilé ìwé wa, òun ni ọwọ́ rẹ̀ mọ sítíárìn jù, ìdí nìyẹn tí ìlú wa, Òkè-Arò, fi yàn án láti wa ọkọ̀ ìje. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yàn án ni mi ò ti lè wò ó pẹ́.

“Àǹtí, mo ní ọgbọ́n kan,” ni Gbádégeṣin wí. Ẹnu ọmọ yẹn kì í sinmi. “Ẹ jẹ́ ká di òkúta sínú ọkọ̀ ọ̀hún. Tó bá wúwo, á di ilẹ̀ mú dáadáa.”

“Òótọ́ ni, á di ilẹ̀ mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ta ló wá máa fa gbogbo òkúta yẹn yí kọ́nà?”

 Mọ́rẹ̀nikẹ́ ló dáhùn, kò tiẹ̀ gbójú sókè. “Ilẹ̀ náà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ á pọ̀ sí i bí agbára rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. A ò jèrè nǹkan kan.”

“Ẹ gbọ́ nǹkan tó sọ? Ọkọ̀ ò mọ kọ́nà rí. Tààrà ló fẹ́ máa lọ, àfi bí ilẹ̀ bá fà á wọlé. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, fífà tí ilẹ̀ máa fà gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ilẹ̀ ò bá lè fà á tó bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn, ọkọ̀ á bá tirẹ̀ lọ.”

“Tí omi bá wà lórí títì ńkọ́?” ni Gbádégeṣin béèrè.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá ó ní èyí tó fẹ́ dà nù. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tó ń fi aṣọ ọ̀rinrin nu ojú láàárọ̀ ni mò ń kọ́. Ta ló máa gba omi mímu lẹ́nu wọn, kó dà á sílẹ̀ torí bàtà? A tẹ̀ síwájú.

A ṣe ìṣirò náà lórí pátákó, a fi bí kọ́nà ṣe tẹ̀ tó sí i, a fi méje sí i, ó já sí mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Kìlómítà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta láàárín wákàtí kan. Bó bá lé ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ á jọ̀wọ́ ọkọ̀.

Bí a ṣe ń parí ìṣirò náà ni àpótí Olùgbọ́, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ òfin ìje, tó wà lọ́rùn mi sọ̀rọ̀. Ó tóbi tó páálí ìṣáná, iná pupa ara rẹ̀ sì ti ń ṣẹ́jú láti àárọ̀. “Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́ Ìbídàpọ̀. Ìgbó-Ẹ̀rín ti pe iye tiwọn. Ẹ pe tiyín lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín.”

Ọkọ̀ ìje kò ní ohun tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ọmọ ló ń fọwọ́ darí rẹ̀, iye tí olùkọ́ bá pè ni ọkọ̀ máa gbé wọ kọ́nà, kò ní dín, kò ní lé. Bí iye mi bá pọ̀ jù, Mọ́rẹ̀nikẹ́ á fò dànù. Bó bá kéré jù, Ìgbó-Ẹ̀rín á tún borí, kọ́kọ́rọ́ ìdídò tó sé omi odò mọ́ láàárín ìlú méjèèjì á tún wà lọ́wọ́ wọn fún ọdún kan, àwa á sì tún máa tò sẹ́yìn táǹkì wọn.

“Ọgọ́ta,” ni mo wí.

“Àǹtí!” Gbádégeṣin fò dìde. “Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló já sí! Ìgbó-Ẹ̀rín ò ní jẹ́ kó ku ẹyọ kan.”

“Jẹ́ kí wọ́n má jẹ́ kó kù. Èmi fẹ́ kó kù.”

Iná pupa di àwọ̀ ewé. Mọ́rẹ̀nikẹ́ yọ èékánná lẹ́nu, ó wò mí. “Ọgọ́ta dáa, Àǹtí,” ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré. Mo fẹ́ kó tún un wí, kí ọkàn mi lè balẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tì mí láti bẹ ọmọdé bẹ́ẹ̀.

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ gbé mi dé ẹ̀yìn okùn tí wọ́n ta sí Kọ́nà Àpáta, ó ń rọra lọ bí aláboyún. Bí gbogbo wọn ṣe ń rìn nìyẹn. Àwa àgbà kì í fọwọ́ kan sítíárìn mọ́ láti ìgbà ìjà omi, nígbà tí àwọn bàbá wa fi ọkọ̀ kọlu ara wọn títí ẹnu ìdídò fi pupa. Àwọn ọmọdé tí kò bá wọn jà ni òfin gbé sítíárìn lé lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n máa sá ìje lọ́dọọdún, kí ìlú tó bá borí gba kọ́kọ́rọ́. Gbogbo èèyàn ní ó sàn ju àdá lọ. Àwọn tí kò ní ọmọ nínú ọkọ̀ ló máa ń tètè sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ti fi ẹfun fa òbìrí méjì sí etí kọ́nà lápá ìta. Ọ̀kan jẹ́ tèmi. Ẹni tó bá pe iye ni yóò dúró sí ibi tí ọkọ̀ máa fò sí bí iye náà bá burú. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ló gba òfin yẹn. Kí wọ́n tó gbà á, abẹ́ agboòrùn ni àwọn olùkọ́ máa ń jókòó sí pe iye ńlá ńlá, títí wọ́n fi gbé ọmọ kan délé nínú aṣọ funfun, tí àwọn ìyá náà sì jókòó sí àárín títì, tí wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa kọjá.

Ọ̀gbẹ́ni Adégúnwà ti dé sínú òbìrí kejì. Òun ni olùkọ́ Ìgbó-Ẹ̀rín, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń lo gíláàsì ojú. Mo tẹrí ba, òun náà tẹrí ba. Ó mọ sí ìyẹn. Bí àwa méjèèjì bá bá ara wa sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, Olùgbọ́ á gbọ́, á sì ti ìdídò pa mọ́ ìlú méjèèjì.

“Tíṣà! Tíṣà mi!”

Ìyá àgbà Mọ́rẹ̀nikẹ́ ló ń pè mí lẹ́yìn okùn. Òun ló tọ́ ọmọ náà. Àwọn obìnrin àdúgbò wa tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, abọ́ òfìfo wà lọ́wọ́ kálukú. Mo sún mọ́ ọn, mo kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Màmá.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Tíṣà. Ẹ má jẹ́ kí ojú yín rí bẹ́ẹ̀ yẹn.” Inú rẹ̀ dùn débi pé ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. “A ti tu ọ̀nà fún ọmọ wa.”

“Ẹ ti ṣe kí ni?”

“Ní ìdájí, kí atẹ́gùn tó gbéra. Nígbà èwe mi, tí èèyàn bá ń rin ìrìn àjò, wọ́n á ta omi sílẹ̀ fún un kí ọ̀nà rẹ̀ lè tutù. Omi wọ́n, la bá gbàgbé. Mo ní ó tì o, a ò lè gbàgbé tọdún yìí. Gbogbo ilé ló bu tiwọn wá. Èmi da gbogbo èyí tó kù nínú ìkòkò mi. Kọ́nà yìí látòkè délẹ̀, a tù ú dáadáa. Eruku ò ní wọ ọmọ mi lójú.”

 Mo bojú wẹ̀yìn wo títì. Gbígbẹ ni mo rí. Ọyẹ́ ti da eruku tuntun bò ó, funfun báláú bíi ti àná, kò sí ẹni tó máa wò ó tó máa rò pé omi kan kàn án rí.

“Ẹ ṣeun, Màmá,” ni mo wí, nítorí kí ni mo tún fẹ́ wí?

Mo padà sí òbìrí mi. Kí n tó dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ òsì mi yọ̀. Kò yọ̀ púpọ̀, mi ò ṣubú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé bàtà náà sókè, ẹrẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń dán.

Fèrè àkọ́kọ́ dún lórí òkè. Bí fèrè kejì bá dún, ọkọ̀ á gbéra, àpótí á sì pa ẹnu dé, iye tí a pè ò ní ṣeé yí padà mọ́.

Òfin ò sọ pé olùkọ́ ò gbọ́dọ̀ wọ́ bàtà rẹ̀. Mo bọ́ ọ, mo ṣa òkúta etí títì kún inú rẹ̀, mo yọ òṣùwọ̀n nínú báàgì mi, mo gbé e kọ́, mo ń yọ òkúta, mo ń fi kún un, títí ó fi kà mẹ́wàá.  Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀, mo wọ́ ọ gba orí eruku funfun yẹn.

Mẹ́ta àti ààbọ̀.

Mo tún un wọ́. Mẹ́ta àti ààbọ̀ náà ni.

Ìdajì àná. Mo gbìyànjú láti ṣe ìṣirò rẹ̀, orí mi sì kọ̀, ohun tí mo ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni ẹ̀rín kíláàsì mi. Mo fọwọ́ kọ ọ́ sínú eruku bí ọmọ JS1. Bí ilẹ̀ bá fi ìdajì agbára rẹ̀ dìmú, eré kì í di ìdajì, ó máa ń jẹ́ bíi méje nínú mẹ́wàá. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta á wá di márùndínláàádọ́ta. Iye tí mo pè ni ọgọ́ta. Ọgọ́ta ni ọmọ yẹn máa gbé wọ ibí yìí, kò sì ní ohun tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀.

Mo gbé àpótí sẹ́nu. “Mo fẹ́ dín iye mi kù.”

“Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òfin gbà yín láyè. Ẹ ò ní lè gbé e sókè mọ́. Ṣé ó dá yín lójú?”

Mo wo àwọn obìnrin ẹ̀yìn okùn. Wọ́n ń fi abọ́ òfìfo juwọ́ sí mi. “Ó dá mi lójú. Méjìlélógójì.”

Iná ṣẹ́jú, ó di àwọ̀ ewé. Mo mí. Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Mo gbójú sókè, mo sì rí Ọ̀gbẹ́ni Adégúnwà. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń fi etí aṣọ nu gíláàsì rẹ̀, ó ń wo orí òkè tí ọmọ tirẹ̀ wà. Kò mọ̀. Ní Ìgbó-Ẹ̀rín ló ti ṣe ìdánwò tirẹ̀, lórí eruku gbígbẹ bíi tèmi. Bóyá mẹ́rìnlélọ́gọ́ta gan-an ló pè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé, bí mo bá dákẹ́, a ti borí. Ọkọ̀ tiwọn á fò dànù, tiwa á rọra yí kọ́nà kọjá, ìyá àgbà á bu omi kún ìkòkò rẹ̀. Mi ò purọ́, mi ò rú òfin. Òfin tiẹ̀ ní kí n má sọ̀rọ̀. Mo rò ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti rí ọmọ wọn nígbà tí wọ́n ń wọn ọkọ̀. Akoto tí wọ́n dé sí i lórí tóbi jù ú lọ, ó ń fọwọ́ tì í sókè kó tó lè rí iwájú. Ó kí mi. Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti akoto náà.

Mo húkọ́. Ọ̀gbẹ́ni Adégúnwà ò bojú wẹ̀yìn. Mo tún húkọ́ títí ọ̀fun fi ń ta mí, ó wá yíjú, inú rẹ̀ ò dùn, ó fi ìka kan ètè. Mo bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, mo wọ́ bàtà mi lórí títì láti òbìrí tèmi títí dé àárín, mo sì nawọ́ òṣùwọ̀n náà sí i nígbà tó ń nà lọ́wọ́.

Ó ṣẹ́jú sí i. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Lẹ́yìn náà ó fara balẹ̀ ka òṣùwọ̀n. Olùkọ́ ni òun náà, kò sí ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí kò tíì wọ́ bàtà rí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ti eruku sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìka náà jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀.

 Ó gbé àpótí rẹ̀ sẹ́nu, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sínú rẹ̀, àpótí béèrè bóyá ó dá a lójú, ó sì ń kígbe “Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ ni!” nígbà tí fèrè kejì dún.

Mi ò mọ̀ bóyá àpótí gbà á. Òun náà ò mọ̀. A dúró nínú òbìrí wa, èmi pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, a ń wo ojú ọ̀nà òkè.

A gbọ́ wọn kí a tó rí wọn. Ọkọ̀ Ìgbó-Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ yọ, tiwa sì wà ní ìdí rẹ̀ gan-an. Bí wọ́n ṣe kan etí kọ́nà ni ohùn ẹ́ńjìnnì méjèèjì wálẹ̀, ariwo “Háà!” sì ta lẹ́yìn okùn. Mo gbọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Adégúnwà ń sunkún. Àpótí ti gbà á. Ọkọ̀ tiwọn gbọ̀n díẹ̀, ó di ilẹ̀ mú, ó yí i, ó lọ.

Mọ́rẹ̀nikẹ́ wọlé tẹ̀ lé e. Mo rí ojú rẹ̀ nínú akoto. Ìdí ọkọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀, ó yọ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi, iwájú rẹ̀ sì ń wo ibòmíràn. Gbogbo ara mi ní kí n sá. Mo ní, “Síbi tó ń lọ, síbi tó ń lọ,” bí mo ṣe máa ń wí lójoojúmọ́ nínú kíláàsì, bí ẹni pé ó lè gbọ́ mi. Ó yí sítíárìn síbi tí ìdí ọkọ̀ ń lọ. Táyà ẹ̀yìn gé ẹfun òbìrí mi, ó fọ́n ẹrẹ̀ sí mi láti orúnkún dé àyà, ilẹ̀ sì mú un. Ó tọ́. Ó lọ.

Ìgbó-Ẹ̀rín fi ìdajì gígùn ọkọ̀ borí.

*

Kò sẹ́ni tó bú mi. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Àwọn obìnrin fi abọ́ wọn sábẹ́ apá, wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan sọ pẹ́lẹ́, lọ́nà tí mo fi máa gbọ́, pé ẹ̀rù òbìrí ló ba tíṣà, pé ara tirẹ̀ ló ń ṣọ́. Gbádégeṣin sáré wá bá mi, omijé ti bo ojú rẹ̀.

“Iye wo lẹ pè, Àǹtí? Ọgọ́ta kọ́ nìyẹn! A jọ ṣe é ni, gbogbo wa la jọ ṣe é!”

“Máa lọ sílé,” ni mo wí. “Lọ́jọ́ Ajé, mo máa dá ẹ lóhùn.”

Ọ̀gbẹ́ni Adégúnwà ti ń bá àwọn èèyàn rẹ̀ lọ. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí fìlà fún mi. 

Mọ́rẹ̀nikẹ́ padà wá sí kọ́nà, ọkọ̀ náà ń wa ara rẹ̀ báyìí. Ó jáde, ó bọ́ akoto. Ìyá àgbà dé ọ̀dọ̀ wa nígbà kan náà. Ó ti wo aṣọ mi, ó ti wo ẹrẹ̀ tó wà lára rẹ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn mọ́.

“Tíṣà,” ló wí, “ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé omi mi ló fà á?”

Lójoojúmọ́ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí pé ohun tí òṣùwọ̀n bá sọ ni kí wọ́n sọ, kódà bí kò bá dùn mọ́ wọn. Mo wo abọ́ ọwọ́ rẹ̀. Eruku ti bo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

“Rárá o, Màmá. Eruku ni.”

Mọ́rẹ̀nikẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà ẹ̀yìn. Ó fi ìka ha ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó wò ó, ó fi ìka méjì pa á. Ó wo títì. Ó wo àwọn obìnrin tó ń lọ tàwọn ti abọ́ wọn. Ó wá wo bàtà mi tó wà nílẹ̀ tòun ti òkúta àti òṣùwọ̀n. Mo mọ ojú yẹn, ojú tó máa ń ṣe nígbà tí ìṣirò bá ń já lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, ó ti tán, ó máa sọ ọ́, òun ló sì ni ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́.

Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ aṣọ ara rẹ̀.

“Eruku ni, Ìyá Àgbà,” ló wí. “Omi tí ẹ fi tu ọ̀nà ló jẹ́ kí n délé.”

Ìyá àgbà fà á mọ́ra, abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jókòó sínú òbìrí mi, mo da òkúta inú bàtà mi nù, mo wọ̀ ọ́. Ó ṣì tutù.